Preprint: Iṣẹ́ Ìwádìí Tó Jáde Kí Jọ́nà Tó Gbà Á

Lẹ́tà méje la mú nínú àwọn tó dé sọ́dọ̀ wa. Orí preprint ni gbogbo wọn dá lé: iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn tó ṣe é gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún tọmọdé tàgbà kí jọ́nà tó ní kí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí wọ́n ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sí là ń pè ní àká nínú àwọn èsì yìí.

Ṣé ká kà á lórí rédíò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ka ìròyìn ìlera ní ilé iṣẹ́ rédíò kan. Àwọn olùgbọ́ a máa fi oríṣiríṣi ìwádìí ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ká bá wọn kà á. Òmíràn ní orúkọ medRxiv lókè. Ọ̀gá wa ní èyí tí kò bá tí ì wọ jọ́nà, irọ́ ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí?
*Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, Abẹ́òkúta*

Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tí ì fọwọ́ sọ̀yà lé e. Ẹnu àwọn tó ṣe ìwádìí náà nìkan lẹ ti gbọ́ ọ, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́gbẹ́ wọn tó mọ iṣẹ́ náà kò tí ì jókòó ti ìṣirò wọn kó sọ ibi tó ti wọ́. Cold Spring Harbor Laboratory àti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ BMJ ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló jọ ṣí medRxiv ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Àká náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sójú ewé pé kí dókítà má fi ohun tó wà níbẹ̀ tọ́jú aláìsàn, kí oníròyìn má sì gbé e jáde bí ohun tó ti fìdí múlẹ̀. Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ síta, ohun tí wọ́n ń wò kò pọ̀: ṣé ìwádìí ni lóòótọ́, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n dà kọ, ṣé kò sí ohun tó lè ṣe ará ìlú ní jàǹbá nínú rẹ̀. Wọn kì í wò ó bóyá àbájáde rẹ̀ tọ̀nà.

Ìgbà Kòrónà ló fi ojú rẹ̀ méjèèjì hàn wá. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ń ṣe ìdánwò RECOVERY ní àwọn ilé ìwòsàn ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ wọn lórí dexamethasone sí medRxiv. Aláìsàn 6,425 ló wà nínú rẹ̀: 2,104 lo oògùn náà, 4,321 gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn rárá kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù keje ni New England Journal of Medicine tó gbé e jáde. Ọjọ́ 25 gbáko ni dókítà tó ka preprint fi ṣáájú ẹni tó ń dúró de jọ́nà, oògùn náà kò sì wọ́n.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, iṣẹ́ kan láti Íjíbítì jáde lórí àká Research Square pé ivermectin ń gba àwọn tó ní Kòrónà lọ́wọ́ ikú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló fara balẹ̀ kà á, tó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà kọ àti nọ́ńbà tí kò bára mu. Oṣù keje ọdún 2021 ni àká náà tó fà á padà. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn mìíràn ti kó nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ìwádìí yòókù, ó sì ti mú kí oògùn náà dà bí ohun tó gbayì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún ọ̀gá yín pé jọ́nà náà a máa ṣubú. The Lancet gbé iṣẹ́ kan lórí hydroxychloroquine jáde ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2020. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́ ti fà á yọ, torí ilé iṣẹ́ tí dátà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí ẹ bá ṣí ewé preprint kan, ẹ kọ́kọ́ wá ọjọ́ àti ẹ̀dà rẹ̀: v1 ni àkọ́kọ́, v3 ti la àtúnṣe méjì kọjá. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ “Now published in” síbẹ̀. Tó bá wà, inú jọ́nà ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà, torí ó lè ti yàtọ̀. Ẹ wo iye ènìyàn tí wọ́n fi ṣe é, àti bóyá wọ́n ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò lo oògùn àti ẹni tí kò ní lò ó. Ìdánwò oògùn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń fi NCT bẹ̀rẹ̀, ti Áfíríkà máa ń fi PACTR bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó kọ ọ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ kà á, kí gbólóhùn yìí ṣáájú ìròyìn náà: “Àwọn onímọ̀ mìíràn kò tí ì yẹ ìwádìí yìí wò.” Ẹ má fi í sí ìparí, torí olùgbọ́ ti lè yí rédíò sí ibòmíràn.

Wọ́n á jí i, jọ́nà á sì kọ̀ ọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mò ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé lórí ewé tí àwọn àgbẹ̀ fi ń lé kòkòrò kúrò nínú àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́. Alámòójútó mi ní kí n má dán preprint wò: wọ́n á jí iṣẹ́ mi, kò sì sí jọ́nà tó máa gba ohun tí ayé ti rí. Kí lẹ rí sí i?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ọ̀rọ̀ jọ́nà tí alámòójútó yín sọ ní ìdí, àmọ́ ayé ti yí. Ní 1969, Franz Ingelfinger, olóòtú New England Journal of Medicine, ní jọ́nà òun kò ní gba iṣẹ́ tó ti jáde níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn tẹ̀ lé e, òfin náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, láti 1961 ni NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ìlera, ti ń pín ẹ̀dà iṣẹ́ tí kò tí ì jáde láàárín àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn jọ́nà fárígá, ètò náà sì kú ní 1967. Àwọn onífísíìsì ni kò jáwọ́. Paul Ginsparg dá àká arXiv sílẹ̀ ní Los Alamos ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó sì kó lọ sí Yunifásítì Cornell ní 2001. Oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni bioRxiv tó ṣí fún àwọn onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ tún padà wo iṣẹ́ dexamethasone tí a sọ lókè: jọ́nà tí Ingelfinger ṣe olóòtú rẹ̀ gan-an ló gbà á lẹ́yìn tó ti wà lórí medRxiv.

Síbẹ̀, ẹ má fi ojú kan náà wo gbogbo jọ́nà. Ẹ lọ sórí Open Policy Finder ti Jisc, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ jọ́nà síbẹ̀. Ìlà “submitted version” lẹ máa kà. Òun ni preprint. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé wa kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ìlà méjì sí olóòtú wọn kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta: pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ yín sí àká báyìí báyìí, ṣé kò ní dí i lọ́wọ́ láti wọ jọ́nà wọn? Ẹ tọ́jú èsì rẹ̀. Jọ́nà tó ń bo orúkọ òǹkọ̀wé mọ́ àwọn olùyẹ̀wò lójú tún ní ìṣòro tirẹ̀, torí ẹni tó bá wá àkọlé yín lórí Google yóò rí orúkọ yín ní gbangba.

Ní ti olè, iṣẹ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín nìkan ni kò ní ẹlẹ́rìí. Preprint ní ọjọ́, ó sì ní nọ́ńbà DOI tí kì í parẹ́. Wọ́n fìdí Kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà múlẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020. Nígbà tó fi di ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ACEGID, ibùdó ìwádìí jínọ́ọ̀mù ti Redeemer's University ní Ẹdẹ, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbé àkọsílẹ̀ jínọ́ọ̀mù fáírọ́ọ̀sì náà sórí virological.org. Òun ni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, kò sì sẹ́ni tó lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni páténǹtì. Tí ẹ bá rò pé oje ewé yẹn lè di oògùn tí ẹ máa tà, ẹ má gbé e síta kí ẹ tó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ páténǹtì sílẹ̀. Òfin Nàìjíríà béèrè pé kí nǹkan náà jẹ́ tuntun, kó má ti hàn sí gbogbo ènìyàn níbikíbi. Báyìí náà ni ti Yúróòpù. Amẹ́ríkà nìkan nínú àwọn mẹ́ta yìí ló fún olùṣẹ̀dá ní oṣù 12 lẹ́yìn tó bá ti tú u síta fúnra rẹ̀. Ẹ sì gba ẹnu alámòójútó yín kí ẹ tó ṣe é. Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ni. Ẹ kò lè dá gbé e síta.

Ṣé ó kà fún ìgbéga?

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní preprint mẹ́ta, ìgbìmọ̀ ìgbéga sì ń bọ̀. Ṣé mo lè kà wọ́n mọ́ ìwé mi?
*Olùkọ́ fásitì, Adó-Èkìtì*

Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, rárá. Ìwé tí jọ́nà ti gbà ni wọ́n ń kà. Ẹ fi àwọn mẹ́ta náà sábẹ́ àkọlé tiwọn nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ “preprint” síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti jọ́nà, torí tí ìgbìmọ̀ bá rí ọ̀kan tí ẹ fi pamọ́ sáàárín, wọ́n á fura sí gbogbo èyí tó kù.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fowó ṣe ìrànwọ́ ni preprint ti ń di dandan. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, Gates Foundation fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ tí owó wọn ṣe jáde bíi preprint, wọn kò sì san owó tí jọ́nà ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé mọ́. Bí owó wọn bá wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ ka ìwé àdéhùn yín dáadáa.

Ohun kan wà tó ń dùn wá. A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ń fi owó oṣù wọn ra ojú ewé nínú jọ́nà tí kò yẹ iṣẹ́ wò rárá, kí wọ́n lè ní ohun tí gbogbo ayé rí kà. arXiv, bioRxiv, medRxiv, SSRN àti Zenodo kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín gbé preprint síbẹ̀, ẹ sá fún un.

Láti orí tábìlì dé medRxiv

Ẹ ǹlẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí. Èmi àti dókítà méjì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn ìyá ọlọ́jà, a sì ti kọ iṣẹ́ náà tán. Ibo la máa gbà tá a bá fẹ́ gbé e sí medRxiv? Kí ló sì máa ń mú kí wọ́n dá iṣẹ́ padà?
*Nọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́*

Ẹ kú akitiyan, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣe ìwádìí ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé síwájú. medRxiv yóò béèrè orúkọ ìgbìmọ̀ náà àti ohun tó pinnu. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà mọ́ ọn. Àṣẹ yìí ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọn ìyá àkọ́kọ́. Ẹ tún ní láti sọ bí àwọn ìyá náà ṣe fọwọ́ sí i, ẹni tó fowó ṣe é, bóyá ẹnikẹ́ni nínú yín ní àǹfààní ara rẹ̀ níbẹ̀, àti ibi tí dátà wà. “Kò sí owó láti ibì kankan” náà jẹ́ èsì, àmọ́ ẹ kọ ọ́. Àlàfo tí ẹ fi sílẹ̀ ni wọ́n á fi dá fáìlì padà. Wọ́n á tún bi yín bóyá ẹ tẹ̀ lé ìlànà ìkọsílẹ̀. Irú tiyín yìí, STROBE ni.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yọ ohun gbogbo tó lè tọ́ka sí ẹnì kan. Nọ́ńbà káàdì àti fọ́tò kò ṣòro rí. Èyí tó máa ń bọ́ mọ́ ènìyàn lójú ni tábìlì. Tí ẹ bá kọ ọjà kan, tí ẹ sì ní ìyá kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 84 tó ń ta elùbọ́, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pín ọjọ́ orí ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì pa àwọn ìlà tí ènìyàn inú wọn kéré pọ̀.

Ẹ wá ka apá tí ẹ ti ṣàlàyé bí ẹ ṣe ṣe é, torí ibẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ṣí. Irú ẹ̀rọ wo lẹ fi wọ̀n ọ́n? Ṣé aṣọ tí ẹ ń wé mọ́ apá tóbi tó fún ìyá tó sanra? Èyí tó kéré jù máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣẹ́jú mélòó ni ìyá náà fi jókòó sinmi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ wọ̀n ọ́n, èwo nínú àwọn nọ́ńbà náà lẹ sì kọ sílẹ̀? Tí ìwọ̀nyí kò bá sí, kò sí bí a ṣe lè gba iye tí ẹ rí gbọ́. Ẹ fún onímọ̀ ìṣirò kan kà kí ẹ tó gbé e síta, àní bó bá gba ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Àkọlé yín kò gbọ́dọ̀ pariwo. Kó sọ àrùn, irú ènìyàn, ìlú àti irú ìwádìí, kó parí síbẹ̀. Fáìlì PDF kan ṣoṣo tó ní àwòrán àti tábìlì nínú ló rọrùn jù. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, tó ń fi òǹkọ̀wé kan yàtọ̀ sí òmíràn, fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 16 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lo ímeèlì tí yóò ṣì ṣiṣẹ́ ní ọdún márùn-ún sí i.

Ẹ má kánjú yan ìwé àṣẹ ìlò, torí tí ẹ bá ti fi fún ayé, ẹ kò lè gbà á padà lórí ẹ̀dà yẹn. CC BY fún gbogbo ènìyàn láyè láti pín in, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀ tà á, bí wọ́n bá ṣáà ti dárúkọ yín. Èyí tó bá ní NC kò gba òwò. Èyí tó bá ní ND kò gba àyípadà, ìtumọ̀ sì wà lára àyípadà: ẹni tó bá fẹ́ tú iṣẹ́ yín sí Yorùbá fún àwọn ìyá ọjà kan náà yóò ní láti kọ́kọ́ wá yín kàn. Àwa yóò mú CC BY, bí jọ́nà tí ẹ ń lọ kò bá kọ̀ ọ́. Àwọn tí Gates Foundation fowó ràn lọ́wọ́ kò tilẹ̀ ní àyè láti yan òmíràn.

Ìròyìn lórí aláìsàn kan ṣoṣo, èrò lásán, àti àkójọ ìwé tí kò tẹ̀ lé ìlànà, wọn kì í gbà wọ́n rárá. Iṣẹ́ yín kò sí lára wọn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń lò kó tó jáde. Ti medRxiv máa ń pẹ́ ju ti bioRxiv lọ torí ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ọjọ́ kan náà tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sí jọ́nà ló dára láti gbé e síbẹ̀. Nígbà tí jọ́nà bá gbà á, àká náà yóò fi àkọlé àti orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wá a, yóò sì so méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn olùyẹ̀wò bá mú kí ẹ yí àkọlé padà, ìsopọ̀ yẹn lè má ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, kí àwọn ènìyàn má bàa máa ka v1 nígbà tí èyí tó péye ti wà níta.

Ará Rọ́ṣíà tó yanjú ìṣirò

Ṣé òótọ́ ni pé ẹnì kan yanjú ìṣòro ìṣirò ńlá láìsí jọ́nà? Ta ló wá yẹ̀ ẹ́ wò?
*Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde*

Òótọ́ ni. Grigori Perelman ni, láti St Petersburg. Ìbéèrè tí Henri Poincaré béèrè ní 1904 ló dáhùn nínú ìwé mẹ́ta tó gbé sórí arXiv: àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2002, èkejì ní oṣù kẹta ọdún 2003, ẹ̀kẹta ní oṣù keje ọdún yẹn. Kò fi ìkankan ránṣẹ́ sí jọ́nà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò pín ara wọn sí ọ̀wọ́, wọ́n fi ọdún mélòó kan yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n sì kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé láti ṣàlàyé rẹ̀. Ní 2006 wọ́n fún un ní Fields Medal, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn onímọ̀ ìṣirò, kò gbà á. Ní 2010 Clay Institute fẹ́ fún un ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kò gba ìyẹn náà.

Ṣé ẹ rí i pé àyẹ̀wò ṣẹlẹ̀, ìta gbangba ló kàn ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ preprint púpọ̀ kì í rí irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ètò bíi PREreview àti Review Commons fi wà, tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ preprint wò. Láti 2023, jọ́nà eLife ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn olùyẹ̀wò jáde pẹ̀lú preprint náà, láìsọ pé a gbà á tàbí a kọ̀ ọ́.

Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ ọ́?

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará wa. Ìtàn àti orúkọ àwọn igi ilẹ̀ wa ni mo fi ṣe ìwádìí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni gbogbo àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ fi dá mi lóhùn. Ṣé àká kankan máa gbà á ní Yorùbá?
*Olùwádìí, Kétu, ilẹ̀ Benin*

AfricArXiv, àká iṣẹ́ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ṣílẹ̀kùn fún àwọn èdè Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2021 wọ́n bá Masakhane, ẹgbẹ́ tó ń mú kí kọ̀ǹpútà lè lo èdè Áfíríkà, pa ètò pọ̀ láti túmọ̀ iṣẹ́ 180 láti inú àká náà sí èdè mẹ́fà, Yorùbá wà lára wọn. Inú wa dùn sí ètò yìí gan-an, torí ọ̀rọ̀ tí a kò ní fún ìmọ̀ kan, ẹni tó ń kọ ọ́ ló máa ń wá a rí. Zenodo, tí CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ti Yúróòpù, ṣí ní 2013, náà máa gba èdèkédè, ó sì ń fún iṣẹ́ ní DOI lójú ẹsẹ̀. Ó gba fáìlì tó tó 50 GB, nítorí náà ẹ lè fi ohùn àwọn àgbà náà síbẹ̀ bí wọ́n bá fún yín láṣẹ. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó wọ Zenodo, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ra.

Ibi tí Yorùbá ti máa ń bàjẹ́ ni fáìlì. Fọ́ǹtì àtijọ́ tó fi àmì mìíràn dípò ẹ, ọ àti ṣ máa ń dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwákiri kò rí Yorùbá kankan níbẹ̀. Unicode ni kí ẹ lò, pẹ̀lú fọ́ǹtì bíi Charis SIL, Gentium tàbí Noto. Ẹ rántí pé ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà: ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tó gùn ún lórí. Fọ́ǹtì tí kò mọ èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí PDF bá ti ṣetán, ẹ da ìlà kan kọ nínú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Bí ohun tó jáde bá ti wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Google Scholar yóò ṣe rí i. Ẹ kọ àṣamọ̀, ìyẹn àkékúrú iṣẹ́ yín, ní Yorùbá àti ní Faransé, Gẹ̀ẹ́sì náà bí ẹ bá lè. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìwákiri, ẹ kọ orúkọ igi lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí ẹ fi orúkọ Látìnì rẹ̀ tì í: ìrókò, iroko, Milicia excelsa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan.

Mo rí àṣìṣe, mo fẹ́ pa á rẹ́

Ẹ gbà mí o. Preprint mi ti jáde, mo wá rí i pé mo yí ìlà méjì padà nínú tábìlì kejì. Báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i?
*Akẹ́kọ̀ọ́, Èkó*

Ẹ fara balẹ̀, ó ní ọ̀nà. Pípa rẹ́ ni kò ṣeé ṣe. Lórí arXiv, ẹ lè mú un padà kí aago méjì ọ̀sán tó lù ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ aago méje alẹ́ tiwa nígbà ooru wọn, aago mẹ́jọ nígbà òtútù wọn. Tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ó ti di ti ayé. Ẹ lè kọ ọ́ sí i pé ẹ fà á padà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àkọ́kọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá a. bioRxiv àti medRxiv náà kì í pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́.

Ẹ tún un ṣe lónìí, kí ẹ gbé v2 síbẹ̀. Ẹ fi ìlà kan sójú ewé àkọ́kọ́: “Ní v1, ìlà kẹta àti ìkẹrin tábìlì kejì yí padà, àbájáde kò yàtọ̀.” Ẹ má kọ “àbájáde kò yàtọ̀” àfi tí ẹ bá ti ṣe ìṣirò náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá yàtọ̀, ẹ tún àṣamọ̀ kọ náà, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà mọ. Bí àṣìṣe bá kan ìwọ̀n oògùn, ẹ má dúró de àwọn tí ẹ jọ kọ ọ́ ju ọjọ́ kan lọ. Fífà á padà ló tọ́ nígbà tí dátà fúnra rẹ̀ kò bá ṣeé gbára lé mọ́, tàbí tí àṣẹ ìwádìí bá ní ìṣòro. Àṣìṣe tábìlì kò tó bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ti fi v1 ránṣẹ́ sí jọ́nà, ẹ kọ̀wé sí olóòtú lónìí kan náà pẹ̀lú v2. Ẹ wo Google Scholar bóyá ẹnì kan ti tọ́ka sí i, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí i tààrà, torí àká kì í sọ fún ẹni tó ti gba v1 sílẹ̀ pé òmíràn ti dé.